Ọkọ̀ ojú irin alágbára méjì: ṣé kì í ṣe ẹrù lásán ni ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì lábẹ́ wáyà iná?

Ìbéèrè (Arìnrìn-àjò):
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Mo ń kà nípa Class 800, ọkọ̀ ojú irin tí Hitachi ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2017. Wọ́n ní ó ń fa iná láti ara wáyà òkè, ó sì ń fi dísẹ̀lì rìn níbi tí kò bá ti sí wáyà. Tí ó bá wà lábẹ́ wáyà, kí ni àǹfààní ẹ́ńjìnnì tó gbé sábẹ́? Báwo sì ni agbára méjèèjì kò ṣe ń bá ara wọn jà lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ṣoṣo?

Èsì (Àgbà Rélùwéè):
Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ìbéèrè kejì bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì yẹn kì í yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rárá. Jẹnẹrétọ̀ ló ń yí, jẹnẹrétọ̀ náà ló sì ń pèsè iná fún mọ́tò kan náà tí wáyà òkè ń bọ́. Lábẹ́ wáyà, apá irin tó wà lórí òrùlé a nà sókè kan wáyà tó gbé 25,000 fóltì, tiransifọ́mà a sì dín agbára iná náà kù kó tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Níbi tí wáyà bá ti fẹ́ tán, àwọn ẹ́ńjìnnì a tan, apá irin a wálẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní láti dúró. Ẹni tó bá jókòó lórí kóòṣì tó ní ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ni yóò tètè mọ̀, nítorí pé ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ bàtà rẹ̀.

Ẹrù ni, n kò jiyàn: ọkọ̀ oní-kóòṣì márùn-ún gbé ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, èyí tó ní mẹ́sàn-án gbé márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà London sí Swansea. Cardiff ni wáyà parí sí, nítorí pé ìjọba fagi lé ìyókù ní ọdún 2017. Bí kò bá sí ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, èrò Swansea yóò sọ̀ kalẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn.

Èsì (Wáyà-ló-dára):
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ọkọ̀ yìí gan-an ló fún ìjọba láyè láti má ta wáyà mọ́. Dísẹ̀lì kò sì lè ṣe é bí iná. Ẹ wo Class 88 tí Stadler ṣe, ẹ̀rọ alágbára méjì tó ń fa ọkọ̀ ojú irin: lábẹ́ wáyà, 4,000 kìlówáàtì ló ní, lórí dísẹ̀lì, 700 péré.

Èsì (Àgbà Rélùwéè):
Ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe Class 88 yàtọ̀. Wọ́n retí pé kí ó fi iná fa ẹrù rìn jìnnà, kí ó wá fi dísẹ̀lì wọ inú èbúté tàbí àgbàlá ìkẹ́rù tí kò ní wáyà. Ẹ̀rọ mìíràn, Class 73, ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1962, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin kẹta tó wà nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gùn, ni tirẹ̀ ti ń gba iná, kì í ṣe wáyà òkè. Ti Swansea le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé èrò ló kún inú rẹ̀, àkókò sì ń lé wọn.