Àbọ̀ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀tì hashtag wa: ó ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dá sí i. Ohun tí mo bèèrè ni pé kí ló dé tí #Yoruba fi gbẹ táútáú lórí sáfà kékeré tiwa ní Mastodon, ìkànnì àjọlò tó pín sórí ọ̀pọ̀ sáfà tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó sì kún fọ́fọ́ lórí àwọn ńlá.

Òótọ́ ni ẹni tó ní kò sóhun tó bàjẹ́ sọ. Pósítì àwọn tí ará sáfà wa ń tẹ̀lé, àti èyí tí wọ́n bá tún pín, ló sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Títẹ̀lé hashtag, tó dé pẹ̀lú Mastodon 4.0 ní 2022, kò lè fa ohun tí kò tíì wọlé. Bọ́ọ̀tì, ìyẹn àkáǹtì tí ẹ̀rọ ń darí, tí mo gbé sórí sáfà ńlá kan ló ń tún pósítì #Yoruba pín báyìí, àwa sì ń tẹ̀lé e.

Mo fi àmì àkáǹtì aládàáṣiṣẹ́ sí i lára. Ó ń fo èsì, ó sì ń fo ẹni tó bá kọ #nobot (pé òun ò fẹ́ bọ́ọ̀tì) sí profáìlì. Ẹnìkan ṣì bínú pé òun ò bẹ ẹ̀rọ níṣẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, mo yọ ọ́ kíá. Àwọn tó ń fi hashtag polówó bàtà ló kù, à ń bùlọ́ọ̀kì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa. Ẹni tí bọ́ọ̀tì bá sú, kó lọ sí profáìlì bọ́ọ̀tì náà, kó fi boost rẹ̀ (ohun tó ń tún pín) pamọ́.