Ẹja grey snapper tí a dá padà sómi ní Key Largo

Ní oṣù Keje, èmi àti ọmọkùnrin mi lọ fi ìwọ̀ pẹja ní Key Largo, ní gúúsù Florida. A kọ́kọ́ ju ìwọ̀ sẹ́bàá ògiri kọnkéré kan, níbi tí wọ́n ti gé gbogbo igi etí omi kúrò, ṣùgbọ́n fún odindi wákàtí kan, ẹja kankan kò fọwọ́ kan edé tí a fi bọ ìwọ̀. Ìgbà tí a sún sídìí àwọn igi mangrove, tí gbòǹgbò wọn nà wọ inú omi bí ẹsẹ̀ akàn, ni ọmọ mi fa grey snapper kan jáde. Ìlà dúdú kan gba ojú rẹ̀ kọjá, ó sì fi eyín ọ̀gàn rẹ̀ gé mi níka kí n tó yọ ìwọ̀. Ínǹṣì 8 ló gùn. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí ènìyàn mú èyí tí kò tó ínǹṣì 10, nítorí náà a dá a padà.

Lọ́jọ́ kejì, a wọkọ̀ ojú omi lọ sí àpáta iyùn (coral reef), àpáta abẹ́ òkun tí ẹja ń fi ṣe ilé, ní ọgbà ìpamọ́ John Pennekamp. Mo tẹ orí bọ omi, mo sì rí àwọn àgbà grey snapper, tí àwọ̀ wọn dà bí eérú, tí wọ́n dúró gbárajọ lábẹ́ iyùn láìjẹun. Alẹ́ ni wọ́n máa ń tú ká lọ sínú koríko inú òkun, láti wá edé, akàn àti ẹja wẹ́wẹ́ jẹ.

Ọmọ mi béèrè bóyá ìyá èyí tí a dá padà wà láàárín wọn. Mo sọ fún un pé ẹja yìí kì í mọ ìyá rẹ̀. Nígbà ooru, bí òṣùpá bá pé, akọ àti abo a péjọ létí àpáta iyùn, wọn a da àtọ̀ àti ẹyin sómi, wọn a sì lọ. Ìgbì ló ń gbé ọmọ tín-tìn-tín náà títí dé inú koríko etí òkun. Bó bá dàgbà díẹ̀, a bọ́ sábẹ́ gbòǹgbò mangrove, lẹ́yìn náà ni yóò tó wá sórí àpáta iyùn, níbi tó ti lè lò ju ogún ọdún lọ. Ilé mẹ́ta ni ẹja kan ṣoṣo yìí ń gbé. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo rántí ògiri kọnkéré àná, nítorí pé ẹni tó gé igi wọ̀nyẹn ti wó ilé kejì, bí kò tilẹ̀ dé orí àpáta iyùn rí.

Bí a ti ń padà, ọmọ mi ní kí atukọ̀ rọra kọjá lẹ́bàá àwọn igi tó kù, ó sì ń wo inú omi títí a fi gúnlẹ̀.