Nígbà tí omi dé ilẹ̀kùn ọkọ̀ wa

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ìrírí yìí, ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí ojú ń tì mí láti sọ, n kò sì fẹ́ jẹ́rìí ìdásílẹ̀ kí n fi apá náà pamọ́.

Òru ọjọ́ kan ni. Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀, ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àbúrò mi obìnrin sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta. A dé ibi tí omi ti gba ojú ọ̀nà kọjá. Nínú iná ọkọ̀ wa, omi náà kò jọ ohun tó jìn rárá. Ó ń dán, ó ń lọ jẹ́jẹ́, mo sì ń rí ìlà funfun ojú títì lábẹ́ rẹ̀ níbi tó sún mọ́ wa. Ìyá mi ní, “Ọmọ mi, jẹ́ kí a padà.” Mo dáhùn pé, “Ẹ má fòyà, Màámi. Ọlọ́run tó mú wa dé ìhín yóò mú wa kọjá.” Tọkàntọkàn ni mo sọ ọ́, kò sì sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ nípa Ọlọ́run. Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ni pé èmi nìkan ni mo ti pinnu láti kọjá, mo wá fi orúkọ Rẹ̀ pa ìyá mi lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé omi tó ń ṣàn lè gbé àgbàlagbà ṣubú bí kò tilẹ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, pé sẹ̀ǹtímítà 30 tó láti gbé ọkọ̀ kékeré, àti pé bí ó bá tó 60, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ ni yóò bá a lọ. Tiwa ti kọjá orúnkún.

Ẹ́ńjìnnì kú láàárín omi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan tí n kò gbọ́ rí: ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ń ha títì bí omi ti ń tì í lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi tútù gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó bo bàtà mi. Mo ti ilẹ̀kùn, kò mira, nítorí omi tó wà níta ti fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù 91, èyí tí mo ti mọ̀ sórí láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò rántí kọjá ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Òun nìkan ni mo ń tún sọ ṣáá, mo di ojú, ọwọ́ mi sì le gbagidi níbi tí a fi ń darí ọkọ̀. Ìyá mi fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, “Ẹni tí à ń pè ti gbọ́. Ṣí fèrèsé.”

Iná ọkọ̀ kò tí ì kú. Fèrèsé náà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọlẹ̀ tán. Èmi ni mo kọ́kọ́ gba ibẹ̀ jáde, mo dì mọ́ òrùlé ọkọ̀, wọ́n na ọmọ sí mi, lẹ́yìn náà ni àbúrò mi, lẹ́yìn náà ni ìyá mi. Awakọ̀ akẹ́rù kan tó dé lẹ́yìn wa kò wọ inú omi. Ó tan iná rẹ̀ sí wa, ó so okùn mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ju orí kejì sí wa. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n mo máa ń gbàdúrà fún un.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń padà sí orí 27 ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Àwọn 276 ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi náà, áńgẹ́lì sì ti jẹ́ kí Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé ẹ̀mí kankan kò ní ṣòfò. Síbẹ̀, Pọ́ọ̀lù tó gbọ́ ìlérí yìí gan-an ló kìlọ̀ pé bí àwọn atukọ̀ bá sá lọ, a kò ní lè gba àwọn yòókù là. Ọkọ̀ fọ́, àwọn kan lúwẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn di pákó mú. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sáré kà á dé ibi tí gbogbo wọn ti gúnlẹ̀. Nísinsìnyí, ibi pákó yẹn ni mo máa ń dúró sí.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, tí ẹ kò fi apá tó ṣòro pamọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bí kò tilẹ̀ parí bí tiyín.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jọ wọ ọkọ̀ akérò kan. A di ọwọ́ ara wa mú, a gbàdúrà kí a tó gbéra. Ọkọ̀ náà yà kúrò lójú ọ̀nà. Èmi jáde pẹ̀lú egbò díẹ̀. Òun kò jáde.

Àwọn tó wá kí mi ń sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn mi ni Ó fi dá mi sí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ ni mo ń bi ara mi pé, ṣé Kò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi ni? Ọdún méjì ni n kò fi lè gbàdúrà ààbò. Orí 12 ìwé Ìṣe yẹn kan náà ló gbà mí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù, áńgẹ́lì sì mú Pétérù jáde kúrò nínú ẹ̀wọ̀n, kò sì sí ibì kan tí a ti kọ ọ́ pé ìgbàgbọ́ Jákọ́bù kéré. Mo sunkún nígbà tí mo rí i pé Bíbélì kọ ìtàn àwọn méjèèjì sójú ewé kan náà.

Mo ti ń gbàdúrà padà. Bí mo bá ti jókòó sínú ọkọ̀, mo máa ń so bẹ́líìtì mi, mo máa ń fi ara mi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo sì máa ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi fún Un.