Jìnnìjìnnì ni mo fara mọ́, kì í ṣe ẹ̀rù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń gbé ní Peckham, ní London, ti béèrè ohun tá a lè máa pe "horror comic" ní Yorùbá, ìyẹn kọ́míìkì tó ń sọ ìtàn abanilẹ́rù, ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ. Ó ní òun ń kó àwọn ti àtijọ́ jọ, pé àwòrán tó wà lára "cover" wọn gan-an lòun ń wá, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún bàbá òun. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn ní "ìwé àwòrán ẹlẹ́rù" ti tó, kí "cover" sì jẹ́ "èèpo ìwé". Ẹnì kan tún ní ká kúkú kọ "họ́rọ̀", kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "ẹlẹ́rù" ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín fà. Ìdajì wa níbí kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀ tá a bá ń fi fóònù kọ̀wé. Ẹ kọ "eleru" láìfàmì sí i kẹ́ ẹ wò ó: ṣé ẹni tó ni ẹrú ni, àbí ẹni tó ń ṣe èrú? Kódà tá a bá fàmì sí i dáadáa, ẹni tó dúró ti ẹrù ẹ̀ ní gáréèjì ló kọ́kọ́ máa wá sí mi lọ́kàn.

Ìyẹn kéré o. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀rù ò tó ohun tí wọ́n ń pè ní "horror".

Nílùú New York, lọ́dún 1950, iléeṣẹ́ EC tó ń tẹ kọ́míìkì, tí William Gaines ni, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé mẹ́ta kan jáde: Tales from the Crypt, The Vault of Horror àti The Haunt of Fear. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Àwọn iléeṣẹ́ míì rí i pé ọjà ń yá, làwọn náà bá kó wọ̀ ọ́, àwọn òbí sì fárígá. Nígbà tó fi máa di oṣù October 1954, àwọn tó ń tẹ kọ́míìkì ṣòfin fún ara wọn kí ìjọba má bàa bá wọn ṣe é. Òfin yẹn ní kọ́míìkì kankan ò gbọ́dọ̀ lo "horror" tàbí "terror" nínú àkọlé ẹ̀. Kò dárúkọ "fear". Ẹ wá bá mi tú u sí Yorùbá. Tí "horror" bá jẹ́ ẹ̀rù, tí "terror" náà jẹ́ ẹ̀rù, tí "fear" sì ti jẹ́ ẹ̀rù láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, a jẹ́ pé àwa olùtumọ̀ ti fòfin de ohun tí àwọn tó ni òfin ò dè. (Òfin kan náà ò fẹ́ rí òkú tó ń rìn àti iwin tó ń mu ẹ̀jẹ̀, torí náà The Haunt of Fear ì bá má yè é ṣáá. Àmọ́ ìyẹn ò san gbèsè olùtumọ̀.)

Bí mo ṣe rí i nìyí: "fear" ni ẹ̀rù. "Terror" ni ìpayà. O gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn lóru, o ò tíì rí nǹkan kan. "Horror" ni ti ẹni tó ṣílẹ̀kùn tó sì rí i. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìríra ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ojú fẹ́ kúrò níbẹ̀, kò lè kúrò. Jìnnìjìnnì nìyẹn. Ẹ̀rù ń bani, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì máa ń boni ni, bí aṣọ tútù. Òfin tí wọ́n ṣe ní Britain lọ́dún 1955 láti lé irú ìwé yìí jìnnà sọ́mọdé gbè mí lẹ́sẹ̀: nínú gbólóhùn kan náà ló ti ka ohun tó ń ríni lára mọ́ ohun tó ń bani lẹ́rù.

Mo ní àtúntẹ̀ Crime SuspenStories nọ́ńbà 22, kọ́míìkì EC míì, ti ọdún 1954, tí Johnny Craig ya àwòrán iwájú ẹ̀. Ọkùnrin kan mú àáké tó lẹ́jẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di orí obìnrin tó ti gé mú níbi irun. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́nu obìnrin náà, ìyókù ara ẹ̀ sì nà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ orí yẹn dáadáa: ojú ibi tí wọ́n ti gé ọrùn, ẹ ò ní rí i. Ní April 21, 1954, Sẹ́nétọ̀ Estes Kefauver na àwòrán yìí sí Gaines níwájú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì Amẹ́ríkà tó ń wádìí kọ́míìkì, ó ní ṣé ohun tó bójú mu nìyí. Gaines ní bẹ́ẹ̀ ni, fún iwájú "horror comic" ó bójú mu. Pé ohun tí kò ní bójú mu ni ká gbé orí náà sókè díẹ̀ sí i, débi tá a fi máa rí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán lọ́rùn. Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ títí, àmọ́ ẹni tó bá ń kó àwòrán wọ̀nyí jọ mọ̀ pé ibi tí ayàwòrán ti dáwọ́ dúró gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ tún kíyè sí i: "horror" ò sí nínú àkọlé ìwé yẹn. Àwòrán ló sọ ọ́ lórúkọ.

Mo fi han ìyá mi nígbà tí wọ́n wá kí wa. Mo ní ṣé ẹ̀rù bà wọ́n ni. "Ẹ̀rù kẹ̀? Ṣé àwòrán máa bá mi jà ni? Jìnnìjìnnì ló bò mí. Jọ̀ọ́, da ojú ẹ̀ délẹ̀."

Ojú ni màmá sọ, wọn ò sọ èèpo. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ là ń dà á fún. Àwọn tó ń kó ìwé wọ̀nyí jọ ńkọ́? Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí CGC, iléeṣẹ́ tó ń yẹ kọ́míìkì wò, wọ́n á fún un ní máàkì lórí mẹ́wàá, wọ́n á sì tì í mọ́nú ike líle. Ẹ ò lè ṣí i mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá fọ́ ike. Èèpo ni wọ́n ń jẹ, iṣu ló wà látìmọ́lé! Ẹ wo Black Cat Mystery nọ́ńbà 50 tí Lee Elias yà, níbi tí ojú ọkùnrin kan ti ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn nítorí rédíọ́ọ̀mù tó dì mú. Àwòrán yẹn ni wọ́n máa ń bá mi sọ, mi ò tíì pàdé ẹni tó sọ ìtàn inú ẹ̀ fún mi. (Iléeṣẹ́ Harvey tó tẹ̀ ẹ́ náà ló ń tẹ Casper nígbà yẹn, iwin ọ̀rẹ́ ọmọdé. Ẹ ò rí ayé!)

"Ojú ìwé" ti di ti "page", a ò lè gbà á padà. Ohun tí mo mú wá ni "ojúde ìwé". Ẹni tó wá sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ò wọ ààfin, síbẹ̀ ó rí ìran. Iṣẹ́ "cover" níwájú ẹni tó ń kọjá lọ pẹ̀lú sẹ́ǹtì mẹ́wàá lápò náà nìyẹn. "Ẹ̀yìn ìwé" lè máa jẹ́ ti ìwé iléèwé tá à ń fi kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá bò.

Ẹ fi "kọ́míìkì" sílẹ̀ bó ṣe wà. Tá a bá ní "ìwé aláwòrán", a ó kó Atọ́ka, ìwé ìròyìn àtijọ́ yẹn, mọ́ ọn, fọ́tò sì ni wọ́n fi sọ ìtàn nínú ìyẹn.

Àbúrò, sọ fún bàbá pé kọ́míìkì jìnnìjìnnì ti ṣáájú òfin lò ń kó jọ, nítorí ojúde wọn. Tí wọ́n bá ní kó o fi ọ̀kan han àwọn, má fi ti Craig bẹ̀rẹ̀ o.