"Okùn àwòrán" àti "ògbufọ̀": orúkọ wo ló yẹ okùn tẹlifíṣọ̀n?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa pe àwọn okùn tẹlifíṣọ̀n ní Yorùbá: kí HDMI, okùn tí wọ́n fi ń so dìkódà mọ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun, máa jẹ́ "okùn àwòrán", kí AV, okùn ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, máa jẹ́ "okùn aláwọ̀ mẹ́ta", kí àpótí kékeré tó ń sọ HDMI di AV sì máa jẹ́ "ògbufọ̀". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, torí ẹni tó bá gbé orúkọ wọ̀nyí dé ìsọ̀, ohun tí kò ní wúlò fún un ló máa rà bọ̀.

HDMI kì í gbé àwòrán nìkan. Àwòrán àti ohùn jọ ń gba inú okùn kan náà kọjá ni. VGA ló ń gbé àwòrán láìgbé ohùn, èyí tó ní irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ 15 lẹ́nu, tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ wá okùn ohùn lọ́tọ̀. Nítorí náà, VGA ló ni "okùn àwòrán".

Ẹnìkan ti mú "agbóhùngbáwòrán" wá fún HDMI, pé ó ń gbé ohùn, ó ń gbé àwòrán. Èrò náà dára, àmọ́ bí a bá ti pa fáwẹ̀lì jẹ, "gbé ohùn" àti "gbọ́ ohùn" á di "gbóhùn" kan náà, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n á sì rò pé à ń sọ. "Akóhùnkáwòrán" ni mo fẹ́ ká mú. Ó bá amóhùnmáwòrán tí gbogbo wa ti mọ̀ mu. Lóòótọ́, "ká àwòrán" lè fara hàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n "akóhùn" tó ṣáájú ti fi hàn pé "kó" ni.

Ní ti AV, àwọ̀ mẹ́ta ló ní lóòótọ́: yẹ́lò fún àwòrán, funfun fún ohùn apá òsì, pupa fún ohùn apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n component, okùn tẹlifíṣọ̀n mìíràn, náà ní àwọ̀ mẹ́ta, àwọ̀ ewé, búlúù àti pupa, àwòrán sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Orúkọ kan náà ò lè jẹ́ ti méjèèjì. Ibi tó tún ti le ni pé nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, ihò kan ṣoṣo ni yẹ́lò àti àwọ̀ ewé jọ ń lò. Bí ẹ bá ki yẹ́lò bọ ibẹ̀, tí ẹ wá yan Component lórí rìmóòtù dípò AV, dúdú òun funfun ni àwòrán máa jẹ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́, ẹ yí i sí AV. Ẹ jẹ́ ká fi AV sílẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń pè é.

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ ló ká mi lára jù. Ògbufọ̀ a máa sọ Yorùbá di Gẹ̀ẹ́sì, a sì máa sọ Gẹ̀ẹ́sì di Yorùbá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni àpótí yìí mọ̀ ní tirẹ̀. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà, wọ́n sì jọra gan-an: HDMI2AV (ìyẹn HDMI sí AV) ló wà lára ọ̀kan, AV2HDMI (AV sí HDMI) lára èkejì. Ẹni tó fẹ́ so dìkódà tó jẹ́ pé HDMI nìkan ló ní mọ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, HDMI2AV ló ń wá. Bó bá ra èkejì, gbogbo okùn á wọ ihò wọn geere, iná á tàn lára àpótí, àwòrán ò sì ní yọ. "Apàmìdà" ni kí ó máa jẹ́, ká sì so ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ọn: apàmìdà HDMI-sí-AV.

Ibẹ̀ la ti nílò ọ̀rọ̀ fún IN àti OUT tí wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. "Ìwọlé" àti "ìjáde" ti tó. "Àbájáde" tí àwọn kan ń lò, ti ìdánwò àti ìwádìí ni. A ó lè wá kọ ọ́ báyìí: fi okùn HDMI so ìjáde dìkódà mọ́ ìwọlé apàmìdà, fi okùn AV so ìjáde apàmìdà mọ́ ìwọlé tẹlifíṣọ̀n, fún apàmìdà ní iná fóòtì 5 láti ihò USB tàbí ṣájà fóònù, yan AV lórí rìmóòtù. Bí bọ́tìnì PAL àti NTSC, ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n méjì, bá wà lára rẹ̀, PAL ni ti Nàìjíríà. Bó bá wà ní NTSC, àwọ̀ lè pòórá tàbí kí àwòrán máa yí.

Ó ku "High Speed" àti "Ultra High Speed" tí wọ́n ń kọ sára páálí okùn HDMI. Ẹ má túmọ̀ ìwọ̀nyẹn. Bí ìsọfúnni ṣe ń yára gba inú okùn kọjá ni wọ́n ń sọ: gígábíìtì 10.2 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n ṣe High Speed fún, 48 ni ti Ultra, ohun tí ojú olùrà bá sì rí lára páálí ló gbọ́dọ̀ bá ohun tó kà mu.