Báwo lẹ ṣe ń ṣe igi ìdàgẹ̀rẹ̀ lára ògiri Lego?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi Lego kọ́lé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ilé onígi àtijọ́ ni mò ń kọ́, irú àwọn tó wà ní Shambles, òpópónà àtijọ́ kan ní York ní England yẹn, tí òkè wọn yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ. Òkè tó yọ yẹn ò le rárá, plate (Lego pẹlẹbẹ) ni mo fi gbé e síta, ó sì dúró. Igi òró àti igi ìbú náà ò ní wàhálà, búráùn lórí funfun. Igi tó dà gẹ̀rẹ̀ láàárín wọn ló fẹ́ pa mí, bẹ́ẹ̀ tí ò bá sí níbẹ̀ ilé ọ̀hún ò ní jọ nǹkan kan.

Mo kọ́kọ́ to plate búráùn ní ìpele ìpele, ó di àtẹ̀gùn. Mo wá yí ògiri yẹn kí stud ẹ̀ (orí róbótó tó máa ń yọ lára Lego) kọjú síta, torí plate 5 tá a bá tò léra bá fífẹ̀ stud 2 mu géẹ́ (16 mm ni méjèèjì), mo fi hinge (Lego tó ṣeé ṣẹ́ bí ìdè ilẹ̀kùn) gbé tile (Lego pẹlẹbẹ tí ò ní stud lórí) sí 3-4-5 (onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ stud 3, 4 àti 5), ó bá stud mu lóòótọ́ o, àmọ́ ó yọ síta ju àwọn igi tó kù lọ. Mo tì í wọlé, àlàfo onígun mẹ́ta ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, slope (Lego tí orí ẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀) kékeré funfun ò sì dí i tán.

Mi ò fẹ́ gé nǹkan kan, mi ò sì fẹ́ gúlù (ti àwọn tí ò ní sùúrù nìyẹn). Piece wo gan-an ni mo lè fi dí àlàfo yẹn, kí igi ìdàgẹ̀rẹ̀ náà lè tẹ́jú pẹ̀lú àwọn tó kù?