Bíréèkì ẹ̀yìn tó dì mọ́ táyà: ìrírí àwa tí à ń gun alùpùpù onísáìdìkáà n'Íbàdàn

Oníbúrẹ́dì Ọ̀jọ́:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gun alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n so sáìdìkáà, àpótí ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń gbé ẹrù, mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí bíréèkì ẹ̀yìn bá ti dì, ohun tí mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ṣúù (irin méjì tó ń tẹ inú họ́ọ̀bù, irin rogodo àárín táyà, kí táyà lè dúró) ti lọ, ká lọ ra tuntun wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣúù kọ́. Kí ẹ tó tú táyà rárá, ẹ yọ ọ̀pá bíréèkì kúrò lára apá tó ń fà nídìí họ́ọ̀bù. Ohun tí apá yẹn bá ṣe ló máa sọ fún yín bóyá ìta ni àìsàn wà tàbí inú.

Búrẹ́dì ni mo ń kó láti Mọ́kọ́lá lọ sí Ọ̀jọ́ àti Mọ́níyà. 125 ni alùpùpù mi, irú CG125 tí Honda kọ́kọ́ gbé jáde ní 1976, torí náà kò ṣòro láti rí ohun èlò rẹ̀ ní Géètì. Wẹ́dà ló bá mi ṣe sáìdìkáà rẹ̀. Kò ní bíréèkì tirẹ̀. Ti táyà ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ẹrù.

Kì í ṣe òórùn ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún ni sáìdìkáà mi wà. Bí mo bá fún un níná, ó máa ń fẹ́ yà sí ọ̀tún, torí ẹrù tó wà níbẹ̀ ń lọ́ra láti tẹ̀ lé wa. Bí mo bá tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, òsì ló ń yà sí, torí táyà ti ń dúró, ẹrù ọ̀tún sì ń sáré lọ. Ẹni tó bá ń gun irú rẹ̀ ti mọ èyí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbẹ́sẹ̀ lé bíréèkì, iná ni mo ń fún un, síbẹ̀ òsì ló ń yà sí. Jíà tó máa ń gbé mi gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kí n tó dé Sángo kò gbé mi mọ́. Ìgbà yẹn ni òórùn láíníǹgì, ohun tó bo ojú ṣúù, tó ń jó wá dé.

Mo dúró. Mi ò fọwọ́ kan họ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo gbé súnmọ́ ọn, ooru rẹ̀ ti ń tà mí kó tó kàn án. Ọmọkùnrin kan sáré mú omi inú ọ̀rá wá, ó fẹ́ tú u sórí rẹ̀. Mo dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiyín. Irin tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, bí omi tútù bá bá a lójijì, ó lè sán, ó sì lè wọ́. Họ́ọ̀bù tó bá ti wọ́ kò ní ṣe rogodo mọ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ni yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Nígbà tó tutù, mo tú nọ́ọ̀tì ìdí ọ̀pá títí ó fi bọ́. Ẹsẹ̀ bíréèkì padà sókè wéré, kò sí ohun tó dì í mú. Ṣùgbọ́n apá tó wà nídìí họ́ọ̀bù kò mira rárá. Bó bá jẹ́ pé apá ló padà tí táyà sì yí, à bá yẹ ẹsẹ̀ bíréèkì àti ọ̀pá rẹ̀ wò: bóyá ìdí ẹsẹ̀ ti dípẹtà, bóyá ọ̀pá ti tẹ̀. Tèmi, inú ló wà. Mo fi ẹ̀yìn súpánà ta apá náà padà díẹ̀díẹ̀, ó lọ, táyà sì tú. Ìyẹn fi hàn pé kámù ló gbẹ nínú ihò rẹ̀, irin kékeré tó ń yí láti ti ṣúù méjèèjì síta. Ó ń yí lọ bí mo bá tẹ̀ ẹ́, sípíríǹgì kò sì lágbára tó láti dá a padà.

Mo fi rọ́bà tíúbù so ọ̀pá sókè kó má baà wọ́lẹ̀. Mo já búrẹ́dì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń tajà lẹ́bàá títì, mo sì rọra fi bíréèkì iwájú àti jíà kékeré gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ṣúù tuntun ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá kí a tó tú táyà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká wò ó ná. Láíníǹgì ṣì nípọn dáadáa. Kámù ló gbẹ tí ìpẹtà pupa bò mọ́lẹ̀. Kẹrosíìnì la fi rin ín, a ń yí i síwá sẹ́yìn kó tó jáde. Kí a tó yọ apá kúrò lórí rẹ̀, a fi ìṣó sàmì sí àwọn méjèèjì, kí eyín wọn lè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. A fi sáńdípépà bó o títí ó fi dán, a bó inú ihò rẹ̀ náà. Gíríìsì tó lè gba ooru la fi pa á, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Bó bá pọ̀, yóò yọ́ lọ sórí láíníǹgì, bíréèkì tó ń dì á wá di èyí tí kì í mú rárá, ìyẹn sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sípíríǹgì kan ti nà, a pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Òrùka wúlì tó ń dá omi dúró ní ìdí kámù kò sí níbẹ̀ mọ́. A fi tuntun sí i. Ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà wọlé, àti omi tí àwọn ọmọ ìfọkọ̀ ń fi ẹ̀rọ fín tààrà sí ìdí họ́ọ̀bù. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yéé fín in síbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó tún ń gbóná bí mo bá ti kó ẹrù sí i. Bí mo bá wà lófìfo, kò sí wàhálà. Ohun méjì ló fà á. Èkíní, ọ̀gá ti fún ṣéènì nígbà tó ń dá táyà padà. Bí a bá fún ṣéènì, a ń fa táyà sẹ́yìn ni, apá bíréèkì sì ń bá a lọ sẹ́yìn. Ọ̀pá kò gùn sí i, nítorí náà òun náà ló ń fa bíréèkì. Ẹnikẹ́ni tó bá bá yín fún ṣéènì, kó dẹ nọ́ọ̀tì bíréèkì padà. Èkejì, ọ̀pá tèmi ń kọjá lábẹ́ ibi tí irin ẹ̀yìn ti ń lọ sókè sódò. Bí ẹrù bá tẹ ṣọ́ọ̀kì wálẹ̀, ńṣe ni ọ̀pá náà ń le sí i.

A kó ẹrù sí i bó ṣe máa ń rí, mo jókòó lé e, a sì wọn ìrìn ẹsẹ̀ bíréèkì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí mú: 20 sí 30 mm ló yẹ kó jẹ́. A dẹ nọ́ọ̀tì títí ó fi bọ́ sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé Mọ́níyà, mo máa ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ họ́ọ̀bù. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló máa ń wà.

Bàbá Òkè Àdó:

Oníbúrẹ́dì, o káre, ọmọ mi. Àlàyé rẹ lórí ibi tó ń yà sí wọ̀ mí lára. BSA onísáìdìkáà ni bàbá mi gùn. Ẹsẹ̀ òsì ni bíréèkì rẹ̀ wà, jíà wà lọ́tùn-ún, bí ọ̀pọ̀ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Sáìdìkáà wà lọ́wọ́ òsì, torí òsì là ń gbà lójú títì. Nígbà tí Nàìjíríà yí sí ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, wọ́n gbé e kọjá sí ọ̀tún. Gbogbo ibi tó ń yà sí tẹ́lẹ̀ ló yí padà, àfi kí bàbá mi tún un kọ́ bí ẹni tí kò gùn ún rí.

Ṣùgbọ́n ṣúù náà máa ń jẹ̀bi o, má jẹ́ kí wọ́n rò pé kì í jẹ̀bi. Tiwa, láíníǹgì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, à ń fún nọ́ọ̀tì, à ń fún un, títí òwú rẹ̀ fi tán. Lọ́jọ́ kan tí a ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Àrẹ̀, kámù yí kọjá ààlà, ó dúró ṣánṣán láàárín ṣúù méjèèjì, kò sì padà mọ́. Táyà dúró pátápátá, a ń wọ́ lọ lórí ilẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Àmì rẹ̀ nìyí: kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ìwọ wo apá àti ọ̀pá láti ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe igun bíi ti etí àpótí. Bí apá bá ti tẹ̀ síwájú kọjá ìyẹn dáadáa, má fún nọ́ọ̀tì mọ́, lọ wo láíníǹgì.

Àti eruku inú họ́ọ̀bù! Mo rí àwọn ọmọ mẹkáníìkì tí wọ́n ń fẹnu fẹ́ ẹ. Láíníǹgì àtijọ́ ní asbestos nínú, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́, kì í sì í fi ara hàn kíákíá. Àkísà tó tutù ni kí wọ́n fi nù ún, kí wọ́n di àkísà náà sínú ọ̀rá kí wọ́n sì sọ ọ́ nù. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀lẹ́yẹlé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ni mo ń gun tèmi fúnra mi, ẹja ni mo ń gbé. Sáìdìkáà tèmi ní bíréèkì tirẹ̀, waya ló so ó mọ́ ẹsẹ̀ bíréèkì kan náà. Wọ́n ti tú táyà ẹ̀yìn mi yẹ́bẹyẹ̀bẹ, wọn ò rí nǹkan kan, alùpùpù sì ń fà. Ọ̀tún ló ń yà sí ní gbogbo ìgbà, bí mo bá tiẹ̀ dẹ iná pàápàá. Ọmọ àbúrò mi ló ní ká fọwọ́ wo táyà sáìdìkáà. Òun ló gbóná; ti ẹ̀yìn tutù mìnìjọ̀. Okùn inú waya ti já díẹ̀díẹ̀, ó wá pọ̀ mọ́ra nínú ọ̀rá rẹ̀, kò lè padà. Nítòsí salẹ́ńsà ló gbà kọjá, iná ti yọ́ ọ̀rá náà. Ẹ gbé tiyín jìnnà sí salẹ́ńsà.

Oníbúrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí waya tó gùn tó? Èyí tí wọ́n fi sí i báyìí kò gùn tó, ó ń fà mọ́ra.

Ọmọ Sángo:

Ẹ̀yin àgbà, tèmi kò ní ọ̀pá, olómi ni: epo inú páìpù ló ń ti bíréèkì. Nígbà tó dì, a kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù lókè, nídìí àpò epo bíréèkì, kò tú. A dẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ nídìí táyà, epo fò jáde, táyà sì tú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Páìpù rọ́bà ló ti wú nínú, epo ń kọjá lọ, kò lè padà. Lójú, ó dára. A pààrọ̀ rẹ̀, a sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Oníbúrẹ́dì Ọ̀jọ́:

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀mí yín á gùn. Mo ti jẹ́ kí ọmọ mi tẹ bíréèkì, mo sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Apá kò tíì dé igun.

Màmá, ẹ lọ sí Géètì, ẹ mú waya tó bà jẹ́ àti èyí tí kò gùn tó yẹn dání pọ̀, kí wọ́n má baà fún yín ní ti alùpùpù tí kò ní sáìdìkáà. Kí ẹ tó lọ, ẹ ta okùn láti ẹsẹ̀ bíréèkì dé táyà sáìdìkáà, kí ẹ sì mú okùn náà dání. Bí wọn ò bá ní i, àwọn kan níbẹ̀ máa ń gé waya, wọ́n á fi orí tuntun sí i lójú yín. Ẹ fà á wò gidi kí ẹ tó sanwó.